Àpọ́sítélì Abu Shagara

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: kì í ṣe áńgẹ́lì ló mú Bùrọ̀dá Ògúnjọbí jáde ní àtìmọ́lé. Làtífù ni. Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Abu Shagara, lẹ́bàá Dubai. Bí Làtífù bá ń kírun lápá kan, Ògúnjọbí á máa kọrin ìsìn lápá kejì. Làtífù ló fi pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dúró fún ènìyàn níbẹ̀ nìyẹn.

Ìjọ Ògúnjọbí ò mọ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń ra ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó ni wọ́n, pálọ̀ Sístà Wùmí ni wọ́n sì ti ń pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá tì. Ó ti pẹ́ tí Ògúnjọbí ti ń fẹ́ kí wọ́n fi òróró yan òun ní àpọ́sítélì. Bùrọ̀dá lásán ti sú u. Ṣùgbọ́n Sístà Wùmí, tí ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní àwọn àpọ́sítélì àkọ́kọ́ kò jókòó sórí àga gboyè. Ó ka ti Pétérù fún un: bí Hẹ́rọ́dù ṣe jù ú sẹ́wọ̀n, tó sùn sáàárín ọmọ ogun méjì nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí ìjọ ń gbàdúrà fún un.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Bùrọ̀dá,” ni obìnrin náà wí, “ta ló tíì mú yín rí?”

Ramadan wọlé. Kí ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí má baà ta tiwọn yọ, Ògúnjọbí kéde pé kí ìjọ náà gba ààwẹ̀ gbígbẹ, omi ò gbọdọ̀ kan ètè, kí Ọlọ́run fi àpọ́sítélì wọn hàn. Wọ́n ṣì wà nínú ààwẹ̀ náà nígbà tí Làtífù sáré wá sọ pé ọlọ́pàá ti mú Ògúnjọbí ní Al Rigga, ní Dubai, tó sì tún sáré lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn gbà pé kò ní. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há.

Nígbà tí Ògúnjọbí dé, ó ní òun kọrin títí ilẹ̀ fi mì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun sì ní “yalla,” pé kí òun máa lọ. Kò sẹ́ni tó rántí pé ní Dubai, ẹni tí kò wọ funfun ló ṣọ̀wọ́n.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀. Sístà Wùmí ti ṣí ìgò òróró nígbà tí Làtífù kanlẹ̀kùn. Ó tọrọ gáfárà, ó ní ọlọ́pàá ń pe òun àti Ògúnjọbí, kí wọ́n wá parí ọ̀rọ̀ náà.

“Àbúrò mi,” ni Sístà Wùmí wí, “ìwọ tó o débẹ̀. Ṣé torí ìwàásù ni wọ́n fi mú Bùrọ̀dá?”

Làtífù wo Ògúnjọbí. Ògúnjọbí ń tún táì rẹ̀ ṣe.

“Rárá, mà. Adìyẹ sísun ni ọlọ́pàá bá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, lójú títì, lọ́sàn-án Ramadan. Wọ́n ti jẹ ẹ́ dé egungun.”