Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

"Àǹtí Birago, àtẹ̀gùn ilé ta ni wọ́n ń sọ?" Fosuaa da ìwé náà dé orí itan rẹ̀. "Ilé wa ní Tafo ò lókè. Tí mo bá ní mi ò lè gun àtẹ̀gùn, ṣé mi ò purọ́ báyìí? Mi ò tíì gùn ún wò rí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe ìwé ìbéèrè náà, láti fi wọn bí ayé ṣe rí fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ìrora ṣe ń dí wọn lọ́wọ́ tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dapaah, ọ̀gá mi ní yunifásítì, ló ní kí a sọ ọ́ di ti àwa ará Kumasi. Èmi ni mò ń jókòó ti àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń ka ìbéèrè sí wọn létí lédè Twi, tí mo sì ń bi wọ́n ní ohun tó yé wọn níbẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni Fosuaa. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kà á sí i létí pé, "Ǹjẹ́ ara rẹ kún fún ìyè?", ó ní, "Àǹtí, èyí tí mo bá rí ni mò ń lò. Ẹ má fi kíkún ṣe é."

A ti ń parí lọ nígbà tó sọ pé, "Ó ku ìbéèrè kan tẹ́ ẹ ò bi mí."

"Èwo?"

"Ẹ bi wá bóyá wọ́n ń gbà wá gbọ́."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀yìn ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń lọ ata sínú egungun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo èékánná rẹ̀ tó kùn ní pupa, ó ní, "Ẹni tó ń jẹ̀rora ló ráyè kun èékánná?" Wọ́n ní abẹ́rẹ́ apàrora ló ti mọ́ ọn lára, pé abẹ́rẹ́ náà ló wá gbà.

"Látìgbà yẹn, tí mo bá ń bọ̀ níbí, mi ò kí ń kun nǹkan kan, mi ò kí ń ya irun. Tí mo bá ké, wọ́n á ní mò ń ṣeré orí ìtàgé. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní kò dùn mí. Àǹtí, báwo ni kí n ti wá ṣe é?"

Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ báyìí: *Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, nígbà tí o sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pé ó ń dùn ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbà ọ́ gbọ́?* Òun la fi ṣe ìbéèrè kẹtàdínlógún.

Oṣù mẹ́ta ni a fi gbé ìwé náà kiri. Ènìyàn igba ó lé mẹ́fà ló dá wa lóhùn. Lórí oorun, lórí iṣẹ́, lórí oúnjẹ, ìdáhùn wọn fọ́n ká: èyí sọ tibí, èyí sọ tọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé orí ìkẹtàdínlógún, ẹlòmíì kì í jẹ́ kí n kà á tán. "Kò sígbà kankan." "Kò sígbà kankan." Olùkọ́ kan láti Suame gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi yí ìdáhùn náà po títí tí ìwé fi ya.

"Birago, ìkẹtàdínlógún yìí gbọ́dọ̀ lọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbà tí a jókòó sídìí kọ̀mpútà nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Kí ló dé, sà?"

"Wò ó. Ẹnu gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kò. Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn bá dáhùn bákan náà, kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Kò wọn nǹkan kan nìyẹn. Ìwọ náà ṣáà kọ́ ọ níléèwé."

"Mo kọ́ ọ, sà. Àmọ́ bóyá aláìsàn kọ́ ló ń wọ̀n. Bóyá ilé ìwòsàn ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ilé ìwòsàn yẹn náà ló gbà wá láyè. Ọ̀gá wọn pátápátá ti rí i. Ó bi mí bóyá ìwé ìlera là ń ṣe ni àbí ìwé ẹ̀sùn." Ó rọra ti kọ̀mpútà náà sí iwájú mi. "Orúkọ rẹ ló tẹ̀ lé tèmi lórí iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Kò bínú, kò sì halẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń fi ẹran han ọmọdé ló fi sọ ọ́. Ìka mi yìí kan náà ni mo fi pa ìbéèrè náà rẹ́. Ìkejìdínlógún sún sókè, ó gba àyè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń gba aláìsàn, ìwé ìbéèrè tuntun náà lórí itan mi, nígbà tí Maame Pokuaa fa ọmọ rẹ̀ wọlé lábíyá. Fosuaa ni. Irun rẹ̀ rí játijàti, aṣọ àtijọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì tó kọjú sí tèmi.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ tún ti dé? Abẹ́rẹ́ ti ń pè ọ́." Ó ní dókítà wà nípàdé, kí wọ́n dúró.

Fosuaa kò ké. Ó fi eyín di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó sì ń mí: kúkúrú, kúkúrú, ó di gígùn. Ó rí mi. Ó gbé ìka méjì sókè, ó fi kí mi.

Mo dìde, mo lọ bá nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀wọ́, mo mọ ọmọ yẹn. Ó ń dùn ún lóòótọ́."

Kò gbójú sókè. "Màdáàmù, ìwádìí lẹ wá ṣe. Ṣé mo ti bá yín dá sí i rí?"

Mo padà sórí àga mi. Ó ku ènìyàn mẹ́rin tí mo máa bi, mo sì ń bi wọ́n. Mo bi bàbá àgbàlagbà kan bó ṣe ń sùn sí, mò ń wo bẹ́ńṣì láti orí èjìká rẹ̀. Etí mi wà lọ́dọ̀ mímí Fosuaa ní gbogbo àkókò náà. Ẹnì kẹta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó hàn sí mi pé fáànù òkè àjà ni mò ń gbọ́. N kò mọ ìgbà tí mímí náà ti di fáànù.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀. Dókítà sáré jáde, nọ́ọ̀sì méjì sáré tẹ̀ lé e, ẹnì kan ń ti ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ bọ̀. Nígbà yẹn, gbogbo wọn gbà á gbọ́.

Nínú oṣù kẹfà, èsì iṣẹ́ wa jáde. Ilé ìwòsàn náà gba máàkì tó ga, wọ́n sì gbé èsì náà kọ́ sára ògiri nínú férémù. Wọ́n sọ mí di ọ̀gá lórí àwọn tó ń bi ìbéèrè. Ilé mi gbóná bí ààrò, síbẹ̀ n kì í tan fáànù. Bí mo bá tàn án, mo máa ń retí kí mímí náà di gígùn.

N kò lọ síbi òkú Fosuaa. Ìgbà tí èsì jáde ni mo tó gba Tafo lọ. Lójú ọ̀nà, mo to gbogbo ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ sẹ́nu: ìbéèrè náà, kọ̀mpútà, ìka mi.

Maame Pokuaa wọ aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi mu, ó sì jókòó láti bèèrè ohun tí mo bá wá, bí wọ́n ti ń bèèrè lọ́wọ́ àlejò nílẹ̀ wa. "Níhìn-ín, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ sọ tiyín."

Kí n tó la ẹnu, ó tún ojú mi wò. "Ẹ̀yin ni Àǹtí tó ní ìwé."

"Èmi ni, Maame."

"Mo fẹ́ pariwo lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ já ilẹ̀kùn ìpàdé wọn wọlé. Òun ló fà mí láṣọ. Ó ní, 'Maame, ẹ jókòó. Àǹtí Birago ń bẹ níbẹ̀ yẹn. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀.'" Ó fi ọwọ́ pa aṣọ rẹ̀ lórí orúnkún. "Mo bá jókòó."

Ó ń retí ọ̀rọ̀ mi. Mo gbé ife omi náà sílẹ̀.

"Mo wá kí yín kú ìṣòfò ni," mo ní.

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.