Òkúta Tó Ń Dìde ní Conyers

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ọdún méjìlélógún péré ni mo fi ń to interlock, láti Ìwó Road n'Íbàdàn títí dé Conyers níhìn-ín, l'ókè òkun. Kí ni irú mi fẹ́ mọ̀? Ṣùgbọ́n òkúta tí èmi Salaudeen bá tò kì í dìde. Kì í dìde!

Ó dìde. Méje gbáko, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bí eyín ọmọ tó hù gun ara wọn.

Jíìpù ni. Mo ti sọ ọ́. Jíìpù Sururat, tó ń ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marietta bọ̀, tó ń fi oorun wakọ̀. Lójú gbogbo jámáà ni mo ti sọ ọ́: "Sista, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìyí, kì í ṣe gáréèjì ilé ọkọ ẹ." Ẹ̀rín sọ. Mo mọ èèyàn-án pa lẹ́rìn-ín. Sururat ní, "Wallahi, Bọ̀ọ̀dá, táyà mi ò kan òkúta yín."

Jímọ̀ mẹ́ta rèé, kò yọjú.

Àmọ́ jíìpù — jíìpù a máa tẹ nǹkan wọlẹ̀ ni. Ta ló rí jíìpù tó ń gbé òkúta sókè?

Mo ṣí ọ̀kan láàárọ̀ òtútù yìí. Hẹn… yìnyín. Tín-ín-rín, funfun, ó dúró ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Ó ru amọ̀ pupa, amọ̀ ru òkúta.

Akíntóyè! Èyí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó gbé Alaska fún ọdún mẹ́fà, tí mo sọ ní Pásítọ̀ Yìnyín. "Ilẹ̀ ibẹ̀ ń wú, Ẹ̀gbọ́n. Omi inú ẹ̀ á dì, á gbé òkúta sókè. Tó bá yọ́, erùpẹ̀ á ti ya dí ihò abẹ́ rẹ̀, òkúta ò ní ríbi padà sí. Lọ́dọọdún, títí àwọn òkúta á fi to ara wọn yípo lórí pápá." Mo ní ta ni alága ìpàdé wọn. Ó ní kí n tó to ti mọ́ṣáláṣí, kí n da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́, kí omi ríbi gbà. Mo ní iyanrìn ti tó, n'Íbàdàn…

N'Íbàdàn. Ilẹ̀ tí kì í dì.

Èmi ni.

Ó dáa. Ẹni tó tò ó lè tún un tò. Ọjọ́ méjì, ó parí. Èyí tó kù… Oòrùn ti wà lórí òrùlé. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ débí, abẹ́rẹ́ wọ̀nyí á domi, ẹ̀rí tán, ẹjọ́ á kù sọ́rùn jíìpù. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Ṣé kí n pe Sururat kó wá wò ó, àbí kí n dá òkúta padà sáàyè rẹ̀?