Áàpù Tuntun Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ojú Télọ̀

Áàpù tuntun yẹn ti ń wá Ìyá Fótò wá tipẹ́. Bó bá ṣe tan kọ̀ǹpútà báyìí, kó tó gbé ife tíì ẹ̀ sílẹ̀, á ti yọjú: tuntun ti dé o, ṣé kí á pààrọ̀ èyí tí ò ń lò? Ìyá Fótò á ní rárá, ó dìgbà míì. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún dé. Ẹ sáà mọ ọkùnrin tí wọ́n ti sọ fún pé ọmọbìnrin náà ti lọ́kọ, tó ń sọ pé òun kàn ní kí òun yà kí i ni. Irú ẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́, èyí tó fi ń tún fótò ṣe ti dàgbà. Tó bá ń ṣí lọ́wọ́, èèyàn lè lọ ra iyọ̀ kó sì dé bá a níbi tó ti ń ṣí. Àmọ́ Ìyá Fótò mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ó mọ ibi tó ti ń pa irorẹ́ rẹ́, ó mọ ibi tó ti ń dín ikùn kù. Ohun tí ò wá jẹ́ kó lè pààrọ̀ ẹ̀ rárá, ojú ni. Ojú ọkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó kó lè yé yín. Télọ̀ ni ọkọ Ìyá Fótò. Yàrá kan ṣoṣo lẹ́bàá títì ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, kọ́tìnnì ló wà láàárín: máṣíìnì ọkọ lápá ọ̀tún, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ìyàwó lápá òsì. Télọ̀ yìí kì í ṣẹ́jú. Kò sóhun tó ṣe é o. Àtikékeré ló ti ń tẹjú mọ́ ihò abẹ́rẹ́, ó ti mọ́ ọn lára ni. Ẹ lè ju òkò sí i, á kàn máa wo òkò náà bọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Fótò ń ya bàbá kan, bàbá náà sì ń ṣẹ́jú ṣáá. Ó yà á, ó yà á, títí bátìrì fi kú, kò sí ọ̀kan tí ojú bàbá là níbẹ̀. Ìgbà tí ò mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́, ó gé ojú kúrò nínú fótò ọkọ ẹ̀, ó fi lé ojú bàbá. Ó rọra pa etí ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ rẹ́, ó dán. Bàbá gba fótò, ó wò ó pẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣì rẹwà tó báyìí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ló bá gbé Télọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ya ojú ẹ̀ lóríṣiríṣi: ojú tó ń wọ̀tún, ojú tó ń wòsì, ojú ẹ̀rín, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, ojú ìyàwó tuntun, ojú ọmọ ọwọ́. Èyí tọmọ ọwọ́ yẹn, ó gba kí Télọ̀ máa wo rọ́bà bálùùnù fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Fótò kó gbogbo ẹ̀ pa mọ́ sínú áàpù àtijọ́ yẹn. Látìgbà náà, ẹni tó bá ti ṣẹ́jú ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fótò, ojú Télọ̀ ló máa gbé lọlé. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí tọkọtìyàwó. Ojú Télọ̀ wà nínú pálọ̀ àwọn tí kì í kí i lójú títì. Ó ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ síbi tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò dé.

Télọ̀ náà ò wá fi ojú ọ̀hún ṣeré mọ́. Tí wọ́n bá ń gé àlùbọ́sà, á bọ́ síta. Tí fíìmù bá fẹ́ pani lẹ́kún, á dìde. Ó ní irinṣẹ́ kì í ṣe ohun àfiṣòfò.

Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí onífótò òdìkejì títì, tí wọ́n ń pè ní Yàákíá, fi ra áàpù tuntun. Wọ́n ní ti Yàákíá máa ń la ojú fúnra ẹ̀, kéèyàn tó yí ọrùn padà ó ti là á. Ni àwọn oníbàárà bá ń sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn míì tiẹ̀ ń juwọ́ sí Ìyá Fótò bí wọ́n ṣe ń sọdá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Búrẹ́dì wọlé, tòun ti ìyẹ̀fun lápá.

"Fótò tí mo fẹ́ yà yìí, ara ọ̀rá búrẹ́dì ló ń lọ," ó ní. "Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì wa, àwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ẹ sì mọ ọkọ mi."

Ìyá Fótò mọ̀ ọ́n. Bàbá Búrẹ́dì ló ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ooru àti èéfín ti bá ojú ẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ lọ.

"Yàákíá ní áàpù tòun á la ojú ẹ̀ wẹ́rẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ya fótò ìgbéyàwó wa, mo ní kí n kọ́kọ́ dọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ̀yin náà ti ní tuntun?"

"Ó wà ńlẹ̀ mà," Ìyá Fótò ní. Irọ́ gbuu. "Ẹ bá mi mú Bàbá wá lọ́la, kẹ́ ẹ fojú yín rí i."

Bí Ìyá Búrẹ́dì ṣe jáde ni kọ́tìnnì là sí méjì, tí Télọ̀ yọrí.

"Mo gbọ́ o."

"Ẹ ṣe gbọ́ ni? Ṣebí máṣíìnì lẹ̀ ń wà."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wà á, kì í ṣe etí. Ìyá wọn, o fẹ́ lé ojú mi kúrò níṣẹ́."

"Ta ló lé e? Bàbá wọn, ẹ wò ó. Tí iṣẹ́ ọ̀rá búrẹ́dì yìí bá bọ́ sọ́wọ́ Yàákíá, iṣẹ́ Yàákíá ni gbogbo àdúgbò á máa rí láràárọ̀ pẹ̀lú tíì. Ta ló máa wá sọ́dọ̀ mi mọ́? Màá kó kámẹ́rà wọlé ni."

"Ojú mi ò lè la tọkọ ẹ̀ ni? Ṣebí òun náà ló là á lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

"Wọ́n fẹ́ rí i bó ṣe ń là níṣojú wọn. Ṣé màá wá máa gé ojú yín níwájú oníbàárà?"

Télọ̀ wò ó láìṣẹ́jú, ìyẹn ò sì túmọ̀ sí nǹkan kan, bó ṣe ń wo gbogbo èèyàn nìyẹn. "Gbogbo kárọ́ọ̀tì tí mo ti jẹ kí ojú lè mú nítorí iṣẹ́ yìí," ó ní, ó sì fa kọ́tìnnì padà.

Nígbà tó di àárọ̀, áàpù tuntun kanlẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Fótò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, àmọ́ ó kà á pé ọ̀fẹ́ ni ti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé èyí àtijọ́ á ṣì wà nígun ẹ̀ títí tó fi máa pinnu. Tuntun wọlé, ó ń dán yinrin. Fáìlì ojú Télọ̀ ni Ìyá Fótò kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣí nínú ẹ̀. Tuntun ní òun ò mọ irú nǹkan yẹn rí.

"Ó ní òun ò mọ̀ yín rí o," Ìyá Fótò pariwo sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," Télọ̀ dáhùn.

Tuntun wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé òun lè wo gbogbo fótò tó ti yà rí, kí òun lè dá àwọn èèyàn ẹ̀ mọ̀. Ìyá Fótò ò rí aburú níbẹ̀. Ẹni tó dé ilé tuntun, ṣe bí kò bá béèrè ará ilé ni wọ́n máa ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kó máa wò. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, kí Ìyá Búrẹ́dì lè rí gbogbo ẹwà ẹ̀, ó nu eruku, ó jókòó.

Ìyá Búrẹ́dì dé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀. Bàbá Búrẹ́dì ga, ó fẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú kíkankíkan. Bí wọ́n ṣe jókòó ni tuntun parí iṣẹ́ ẹ̀, ó ń to àwọn èèyàn sílẹ̀ fún wọn wò, ojú ẹnì kan àti gbogbo fótò ẹni náà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé jáde, Télọ̀ ni. Abẹ́ ẹ̀ ló wá to Télọ̀ sí nínú aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀. Télọ̀ lẹ́nu máṣíìnì. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, lánlọ́ọ̀dù. Bíríkìlà. Ìyàwó bíríkìlà. Bàbá yẹn tó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣì rẹwà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó gbé fótò ìgbéyàwó Bàbá Búrẹ́dì sí i, ó wá fi fótò àbígbẹ̀yìn Ìyá Búrẹ́dì tì í, èyí tí wọ́n yà nígbà tọ́mọ náà ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ó wá béèrè pé: ṣé ẹnì kan náà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?

Ìyá Fótò ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Kò rí i.

"Dúró ná," Bàbá Búrẹ́dì ní. "Kí lọmọ mi ń ṣe lábẹ́ Télọ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè, sà."

"Ó ní wọ́n jọra. Wò ó. Ojú wọn bára mu." Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀. "Ìyá ilé mi, ojú wọn bára mu."

Ìyá Búrẹ́dì pàtẹ́wọ́. "Èmi àti Télọ̀? Ẹni tó rán búláòsì mi tápá kan gùn ju èkejì? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o."

Ẹ̀yin ara, ìgbà yẹn ló yẹ kí Télọ̀ fara pa mọ́. Ṣùgbọ́n búláòsì tí wọ́n dárúkọ dùn ún, ló bá jáde síta tòun ti téèpù lọ́rùn. Bàbá Búrẹ́dì dìde, ó sún mọ́ ọn, ó wo ojú ẹ̀ fínnífínní. Ó tún padà lọ wo kọ̀ǹpútà.

"Télọ̀, dá mi lóhùn. Ojú ta ni ojú ọmọ mi yìí?"

"Ojú mi ni," Télọ̀ ní. Kì í purọ́. "Àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó débẹ̀."

Ìyá Fótò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti búrẹ́dì. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ, ilé onílé ò gbọ́dọ̀ tú. Ó kúnlẹ̀ gbà-á, ó sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, látorí bàbá tí ò yéé ṣẹ́jú dórí rọ́bà bálùùnù. Ó ní ọmọ yẹn sùn fọnfọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, òun ò sì fẹ́ jí i.

Bàbá Búrẹ́dì ò gbà. Ó ní àlọ́ nìyẹn. Ni Ìyá Búrẹ́dì bá ní, "Ẹ yà á báyìí. Ẹ ya ọkọ mi, kí áàpù yẹn là á lójú. Á jẹ́ ká mọ ẹni tó ń purọ́."

Wọ́n yà á. Ó ṣẹ́jú. Tuntun rí i, kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́. Ó ní òun mọ bàbá yìí, òun ti rí ojú ẹ̀ nínú fótò ìgbéyàwó, ojú ẹ̀ nìyí. Ó sì la ojú Télọ̀ gbàràgàdà sí àárín ojú Bàbá Búrẹ́dì.

Gbogbo wọn ń wò ó. Bàbá Búrẹ́dì tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ojú ẹ̀ kéré, ó pọ́n bí ẹ̀yin iná. Ti inú kọ̀ǹpútà ń wo ni bí ẹni tó fẹ́ fi okùn wọ abẹ́rẹ́.

"Ó ní òun ti rí mi rí," Bàbá Búrẹ́dì ní jẹ́jẹ́.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Búrẹ́dì. Ó rín títí tó fi di ògiri mú. "Áà, Télọ̀. Ẹ̀yin ni mo ti ń kí 'ẹ káàárọ̀' nínú fótò ìgbéyàwó tó wà lára ògiri wa látọjọ́ yìí."

"Ẹ kú ìkíni," Télọ̀ ní.

Ni Bàbá Búrẹ́dì náà bá rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ń wú. Àmọ́ Ìyá Fótò ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rá búrẹ́dì ti lọ nìyẹn.

"Ẹ dìde ná," Ìyá Búrẹ́dì ní. "Mo ń rò ó. Tí Yàákíá bá là á, ojú ta ló máa jẹ́? Ọkọ mi ò ní ojú tó là nínú fótò kankan láyé yìí. Bóyá ojú ìyàwó Yàákíá ló máa fún un." Ó wo ọkọ ẹ̀ pẹ́. "Ẹ jẹ́ kó dijú. Ẹ gbé búrẹ́dì gbígbóná síwájú ẹ̀, kó máa gbóòórùn ẹ̀. Ta ló máa ń lajú tó bá ń gbóòórùn búrẹ́dì wa? Kí gbogbo wa dijú."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé tòun ti àwọn ọmọ, búrẹ́dì tó ń rú èéfín wà láàárín wọn, gbogbo wọn sì dijú. Àbígbẹ̀yìn nìkan ló ń fi ojú kan yọ́ búrẹ́dì wò. Bàbá Búrẹ́dì ò tíì jókòó bẹ́ẹ̀ rí níwájú kámẹ́rà, ara ẹ̀ balẹ̀ bí ọba. Fótò náà dùn ún wò.

Tuntun ló kù. Bí Ìyá Fótò ṣe gbé fótò sínú ẹ̀, ó la gbogbo wọn lójú. Ó dá ojú padà, tuntun tún là á. Ìdílé Búrẹ́dì látòkèdélẹ̀, bàbá, ìyá, ọmọ, ojú Télọ̀ ni wọ́n fi ń wo búrẹ́dì bí ẹni pé búrẹ́dì náà jẹ wọ́n níyà. Ìyá Fótò bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Kò gbọ́.

"Kò mọ ìgbà tó yẹ kó fojú sílẹ̀," Télọ̀ ní látẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Ọmọdé ni."

Ìyá Fótò yọ tuntun kúrò, ó sì jí áàpù àgbà tó wà nígun dìde. Ó ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba fótò, kò fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Fótò yẹn ló wà lára ọ̀rá báyìí. Àwọn tó rà á ní búrẹ́dì náà gbọ́dọ̀ dùn, pé ẹ wo bí adùn ẹ̀ ṣe mú gbogbo wọn dijú. Àwọn kan sì ti ń sọdá padà láti ọ̀dọ̀ Yàákíá. Ní báyìí, Ìyá Fótò máa ń bi oníbàárà ní gbangba pé ṣé ojú yín lẹ fẹ́ ni àbí tọkọ mi, ẹ ò sì ní gbà gbọ́ bí àwọn tó ń ní tọkọ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Búrẹ́dì wá gbé ọ̀rá àkọ́kọ́ fún wọn wò, Ìyá Fótò ní òun fẹ́ bá a tún fótò ìgbéyàwó ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí òun dá ojú ọkọ ẹ̀ padà fún un bó ṣe wà.

"Ẹ fi èyí tó wà lára ògiri sílẹ̀ o," Ìyá Búrẹ́dì ní. "Òun nìkan ló máa ń wò mí tí mo bá ń sọ̀rọ̀."