Sọ́kẹ́ẹ̀tì Yàrá Màmá

Pupa. Onígbàjámọ̀ fa pọ́lọ́ọ̀gì náà yọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu bí ẹni tó ń fẹ́ iyanrìn kúrò lójú ọmọ, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún rọra kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná wínníwínní orí rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó wá tanjú mọ́ ọn. Pupa náà ni.

"Àgbà," Màmá pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe ń pe àkọ́bí wọn nìyẹn. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí o ń bá jà yẹn—"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Irọ́ gbuu. Irun orí ni Onígbàjámọ̀ mọ̀. Bí o bá gbé orí tó rí gbágungbàgun bí ọ̀nà tí òjò bà jẹ́ síwájú rẹ̀, yóò gé e débi pé ìyá tó bí ọ yóò béèrè pé ta ni àlejò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnu oníbàárà kan ló ti gbọ́ ọ nígbà tó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Oníbàárà náà ní pọ́lọ́ọ̀gì méjì kan wà, ìbejì ni wọ́n. O ó ki ọ̀kan bọ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, o ó ki èkejì bọ ògiri yàrá tó bá wù ọ́, íńtánẹ́ẹ̀tì yóò sì gba inú wáyà iná tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ kọjá lọ bá a. Èkejì yóò wá máa fọ́n Wai-Fai sí gbogbo yàrá. Bí iná orí wọn bá di àwọ̀ ewé, wọ́n ti rí ara wọn nìyẹn; bó bá pọ́n, wọn ò rí ara wọn. Kò sí pé à ń fa wáyà tuntun, kò sí pé à ń lu ògiri. "Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é," ni oníbàárà wí. Onígbàjámọ̀ wá ń rò ó bóyá ọjọ́ orí òun ló ba nǹkan jẹ́.

Ì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò sí nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn Màmá tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, wà ní ọsibítù lókèèrè, àárọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ la àyà rẹ̀ láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣùgbọ́n ó fàáké kọ́rí. Ó ní bí òun ò bá rí ojú Màmá òun, ẹnikẹ́ni ò ní fi abẹ́rẹ́ oorun kan òun lára. Dókítà ní bí òní bá fò wọ́n, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ọ̀la. Ẹlẹ́rìn-ín ní òun gbọ́. Ó ní ojú Màmá òun lòun fẹ́ rí.

Màmá ò sì ṣeé gbé. Egungun ìbàdí wọn ló fọ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí wọn nípò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í wọnú kòtò tí ilé yìí wà. Wai-Fai pálọ̀ náà kì í dé ẹ̀yìn, nítorí bíríkìlà ni bàbá wọn, òkúta ló sì kó sínú ògiri tó kọ́. Bàbá kọ́lé bí ẹni tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀.

Ogun dé lóòótọ́, inú ilé ló ti wá. Káfíńtà, àbúrò tó tẹ̀ lé Onígbàjámọ̀, kó pákó ti ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó wó, ó sì fọ́ dígí ńlá tí Onígbàjámọ̀ fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àbúrò ní dígí ló wá dúró sọ́nà pákó. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di kèéta, kèéta di ògiri: wọ́n mọ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, wọ́n la ilé sí méjì, mítà tìrẹ, mítà tèmi. Onígbàjámọ̀ ra dígí tó tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ, ó gbé e kọ́ sára ògiri náà gan-an ní pálọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ahọ́n síni. Láti ìgbà náà wọn ò kí ara wọn. Yàrá Màmá nìkan, tó wà ní ìdí ilé, ni ògiri ò là. Màmá ní kí wọ́n já ìlẹ̀kùn méjì sí i, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Bí ọmọ kan bá gba ibí wọlé, èkejì ti gba ọ̀hún jáde. Màmá fúnra wọn ni wọ́n sì dúró ti oníná lọ́jọ́ tó wá pín wáyà. Onígbàjámọ̀ ń bínú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ yọjú.

Ó kó ìbejì rẹ̀ padà sí pálọ̀. Ó kì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọ̀ ewé, ó ń dán yinrinyinrin. Ó gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìdáná: àwọ̀ ewé. Yàrá ìyàwó rẹ̀: àwọ̀ ewé. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan kọjá, ó kì í bọ ògiri yàrá Màmá. Pupa! Ó fa ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, ó dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tán. Ó ki ìbejì bọ̀ ọ́ níbẹ̀, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú, ó sì kú. Oníbàárà ti sọ fún un pé ara ògiri nìkan ló máa ń wù ú.

Òógùn bò ó. Ẹlẹ́rìn-ín lè pè nígbàkigbà. Ó gbójú sókè, ó rí gílóòbù Màmá tó ń tàn lókè àjà. Gílóòbù! Ó mọ̀ dájú pé ọ̀dọ̀ òun niná yẹn ti wá, nítorí bí mítà òun bá ti kú, òkùnkùn ni Màmá máa ń wà. Ó gbé àga, ó gùn ún, ó yọ gílóòbù, ó mú sọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù kan dání kó so ó rọ̀ síbẹ̀ fún ìbejì.

"Àgbà, sọ̀ kalẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yẹn, àbúrò rẹ—"

"Màmá! Ẹ má dárúkọ ẹni yẹn sí mi létí láàárọ̀ yìí!"

"Mo ní àbúrò rẹ ló—"

"Ẹ fara balẹ̀!"

Pàà!

Wáyà méjì ti fẹnu kora. Onígbàjámọ̀ já lulẹ̀ gbì, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, àga tẹ̀ lé e. Láti ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ figbe ta: "Baálé mi o, iná ti lọ! Fíúsì ń rùn!"

Fíúsì ti jó. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ó gbé orí lé orúnkún, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àgbà tí wọ́n ń fi gèlè bò. Ẹkún pẹ̀lú ikun ni. Ó rí àyà àbúrò rẹ̀ tí wọn ò là, ó rí dókítà tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, tó ń kọjá lọ. Òun ló fà á. Òun àti orí kunkun òun tí kì í gbọ́ràn.

Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó sunkún sí i. Atẹ́gùn tún fẹ́.

Ó gbórí sókè. Fáànù kékeré Màmá ń yí nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí àlejò tí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nílé.

"Màmá, iná ti lọ."

"Mo gbọ́."

"Fáànù yìí ń yí."

"Ó ń yí."

"Ibo ló ti ń rí iná?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Gílóòbù lọ́dọ̀ tìrẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àbúrò rẹ. Mo sọ fún oníná pé mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan wá fọ́nnu pé òun nìkan lòun ń tanná fún mi."

Ó wá yé Onígbàjámọ̀ wàyí. Ìbejì ò lè rí ara wọn láé. Ọ̀kan wà lórí wáyà ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan wà lórí wáyà àbúrò, wọ́n sì ń bá ara wọn yodì bí àwọn tó ni wọ́n.

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi, Màmá?"

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé kí n tún fara balẹ̀ ni?"

Ó dìde. Ó kọjú sí ìlẹ̀kùn kejì, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a, ó sì ṣí i.

Káfíńtà ń fá pákó nínú pálọ̀ rẹ̀ tó sọ di ibi iṣẹ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ. Ó yíjú sí pákó.

"Pákó," ni ó wí, "ẹnìkan wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Bi í pé ṣé ó sọnù ni."

Onígbàjámọ̀ náà kọjú sí pákó. "Pákó," lòun náà wí, "bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo wá bẹ̀ ẹ́."

"Pákó, ṣé ìwọ náà gbọ́ 'bẹ̀ ẹ́'? Àbí eruku ló dí mi létí?"

"Pákó, sọ fún un pé fíúsì mi ti jó, íńtánẹ́ẹ̀tì ò dé yàrá Màmá, Ẹlẹ́rìn-ín ò sì ní jẹ́ kí wọ́n la àyà òun láìrí Màmá." Ẹ̀gbọ́n ọlọ́rùn líle yìí wá kúnlẹ̀ lórí èérún pákó. "Sọ fún un pé àbúrò wa máa kú. Àbúrò àwa méjèèjì."

Pákó bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà.

"Bùọ̀dá mi, ẹ dìde. Ẹ dìde ńlẹ̀! Mo rò pé ẹ ti ṣe é! Mo ti ń dúró láti àárọ̀ pé tí ẹ bá jáde, èmi náà á wọlé kí i." Ó ti ń wá ìbọ̀wọ́. "Ibo ni àpótí yín wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri ní pálọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí gan-an."

"Èyí tí a mọ?"

"Èyí tí a mọ."

"Kò sí òkúta nínú ìyẹn. Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì rẹ̀, inú sì ń bí mi lọ́jọ́ náà, iyanrìn lásán ni." Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Eruku bo àwọn méjèèjì, wọ́n funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun.

Lójijì, láti òdìkejì: ṣàràrà!

Káfíńtà dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ń gbọ́ bí àfọ́kù ṣe ń já bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Bùọ̀dá," ó rọra wí, "kí nìyẹn?"

"Dígí mi ni."

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀—"

"Òun ni."

Káfíńtà gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí tún ti fẹ́ dé. Onígbàjámọ̀ wo ihò náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Lù ú lọ!" ló pariwo. "Kó fẹ̀ dáadáa!"

Wọ́n na okùn íńtánẹ́ẹ̀tì gba inú ihò sí ọ̀dọ̀ Káfíńtà, wọ́n fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n fún àpótí ní iná láti ibẹ̀ kan náà, wọ́n ki ìbejì àkọ́kọ́ bọ ògiri Káfíńtà. Wọ́n sáré, wọ́n jọ há sẹ́nu ìlẹ̀kùn Màmá, wọ́n tú ara wọn, wọ́n já wọlé. Onígbàjámọ̀ ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó di ojú.

"Ó ti di àwọ̀ ewé," ni Màmá wí.

Fóònù dún lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀. Ojú Ẹlẹ́rìn-ín yọ, fìlà ọsibítù lórí, wáyà lára. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò da orí pọ̀ síwájú fóònù, eruku ní gbogbo ojú, omijé ti la ọ̀nà nínú eruku.

Ẹ̀rín kú lójú Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin méjèèjì?" ni ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì wà pa pọ̀?" Ó figbe ta. "Màmá ti kú! Yéè! Kí ló tún lè kó wọn jọ? Màmá mi ti kú!"

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké tìì tìì tìì. Nọ́ọ̀sì sáré yọ. "Rárá o! Màmá rèé!" ni Onígbàjámọ̀ ń pariwo, ó ń yí fóònù sí Màmá. Ṣùgbọ́n àwòrán ti gan, ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín ṣí sílẹ̀ lójú fóònù, ohùn ò jáde mọ́. Pọ́lọ́ọ̀gì ti tún pọ́n.

"Fírísà!" Káfíńtà fò sókè. "Fírísà mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wáyà kan náà ni wọ́n jọ wà!" Ó sáré jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe kọlu nǹkan, ó fi ara rẹ̀ bú, ó já fírísà kúrò lára iná.

Àwọ̀ ewé. Ẹkún Ẹlẹ́rìn-ín tú wọ yàrá bí omi.

"Ta ló kú?" Màmá já fóònù gbà. "Ìwọ ọmọ yìí, mo ní ta ló kú? Wò mí dáadáa! Ìbàdí ló ń dùn mí, mi ò kú! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa kí ìyá rẹ láàárọ̀ nìyẹn?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo Màmá. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì di èjìká rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fara balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́n. Lọ, kí o bọ̀. Mò ń dúró."

Wọ́n ti Ẹlẹ́rìn-ín lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Fóònù ṣú.

Kò sẹ́ni tó kúrò nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó gbà kí wọ́n tan nǹkan kan lódìkejì, kódà fáànù, Onígbàjámọ̀ ti pa á, ó ń fi páálí fẹ́ Màmá. Ẹja inú fírísà yọ́, omi rẹ̀ rọra gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń wo iná wínníwínní náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkókó tí ara rẹ̀ ò yá. Oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé. Onígbàjámọ̀ rò pé bí òun bá mí sókè jù, yóò pọ́n.

Nígbà tí fóònù dún, Màmá ló gbé e. Dókítà ló kọ́kọ́ yọjú, ó ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ìrọ̀rí kan. Ètè Ẹlẹ́rìn-ín gbẹ, ojú rẹ̀ ò là tán.

"Màmá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. "Ṣé wọ́n ṣì wà pa pọ̀?"

Màmá yíjú wo ìdí ògiri. Onígbàjámọ̀ ń sunkún, ó ń sọ pé ẹni tó bá ní ojú yẹ kó wo ibi tó fẹ́ lu. Káfíńtà náà ń sunkún, ó ní ta ló ń gbé dígí kọ́ sára ògiri iyanrìn.

"Wọ́n ń jà lórí ihò tí wọ́n lu sára ògiri wọn," ni Màmá wí.

"Wọ́n ń fẹnu sọ ọ́? Síra wọn?"

"Síra wọn."

"Ó dáa," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó sì di ojú rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí ihò yẹn o."