Omi Agége Nínú Ìkòkò Ìgándò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, Bàbá Táyéwò tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi àgbàlumọ̀ ṣì wà láyé. Ìyá Abigail tó ń ta ẹ̀kọ tútù ṣì wà. Lèmọ́mù àgbà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ohùn ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Sàlàkọ́ wà, ó sì ń gun ọ̀pẹ bí ọmọdé. Ìyá Sàlàkọ́ náà wà, Mọ̀dínátù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tó jẹ́ pé tó bá bú ọ lówùúrọ̀, wàá rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí di alẹ́.

Hàbíbátù ni ìyàwó Sàlàkọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá sí Ìgándò. Ní ilé baba rẹ̀, omi ẹ̀rọ wà lójú títì, wọ́n kàn máa yí orí rẹ̀ ni, omi á sì ya. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbàgbé. "Ọmọ olómi ẹ̀rọ" ni wọ́n ń pè é. Ní Ìgándò, odò ni gbogbo ayé ń pọn. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni odò náà wà. Lójú òjò, ó pupa bí osùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, igbá ni wọ́n fi ń ha á, bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kì í ṣe omi pípọn ló ń dun Hàbíbátù. Egungun rẹ̀ le nígbà yẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá arúgbó yìí ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pọn omi àlùwàlá. Omi ọbẹ̀, ẹ pọn ọ́n. Omi ìfọṣọ, ẹ pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n omi tóun máa fi kírun, òun fúnra òun ni yóò gbé búta òun sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín pọn ọ́n."

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi dáhùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni? Yàgò fún mi jàre."

Ìyá ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ rí lójú òjò, ìbàdí rẹ̀ ò sì tíì bọ̀ sípò dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti lọ sódò, Hàbíbátù á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, á dẹ etí. Tó bá gbọ́ tí Ìyá ń kùn bọ̀ lókè, tó ń bú òkúta tó ń bú ẹrẹ̀, ọkàn rẹ̀ á wálẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé lọ́jọ́ kan òun ò ní gbọ́ ohùn náà mọ́, wọ́n á sì gbé ìyá òun gòkè wá.

Ìgbà yẹn gan-an ni owó epo dé. Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ra rédíò, wọ́n ra fáànù, wọ́n ra aago ọwọ́. Rédíò yẹn náà ló ń sọ fún wọn ní Ìgándò pé wọ́n ń ṣe afárá l'Ékòó, wọ́n ń kọ́ ilé fún àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè tó ń bọ̀ wá jó níbi àjọ̀dún àṣà, wọ́n ń la títì sí àárín ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì á kọjá, eruku rẹ̀ á bọ́ sínú ọbẹ̀ wọn, ìyẹn nìkan ló ń kàn wọ́n. Ìyá Sàlàkọ́ ní, "Òjò ìjọba yìí mà gbọ́n o. Ó ń rọ̀ ní Ìkẹjà, ó mọ ibi tí ààlà wa wà, kò ta sí wa lára."

Ni ìròyìn bá dé pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá wo abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa gbé páìpù omi lọ. Inú Hàbíbátù dùn débi pé kò lè jẹun. Gbogbo ìlú péjọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ kì í ṣe ti omi rárá. Bí wọ́n ṣe máa gbàlejò ni.

Wọ́n gbálẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n fi ẹfun kun mọ́ṣáláṣí. Wọ́n pa àgbò. Bàbá Táyéwò wá dìde, ó fa sòkòtò rẹ̀ sókè.

"Gbogbo ẹ̀ dáa. Tí wọ́n bá wá ní àwọn fẹ́ mumi ńkọ́? Omi pupa yìí la máa gbé fún wọn?"

"Á à, rárá o!" ni gbogbo èèyàn wí. "Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá."

Bí wọ́n ṣe wojú Hàbíbátù nìyẹn. Ṣebí òun ni ọmọ olómi ẹ̀rọ? Òun àti àwọn ìyàwó ilé gbé garawa, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Agége, wọ́n pọn omi ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n dà á sínú ìkòkò tuntun, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúgbénga Adéríbigbé ni olórí àwọn àlejò. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí Lèmọ́mù. Ó jẹun, ó sì mumi. Ló bá wo inú ife.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, omi yín mà dára o! Ó mọ́ gaara. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

"Omi wa náà ni, sà," Bàbá Táyéwò dáhùn. "Ọlọ́run ló fi kẹ́ wa."

"Ṣé ẹ lè mú mi débẹ̀?"

"Kí bàtà yín lè bàjẹ́? Ẹ jókòó, sà, ẹran ṣì kù."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn pé ojú ò ti àwọn. Ìyá Sàlàkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí ògiri, ó ń jẹ obì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ẹ ti tọ́jú àlejò dáadáa. Yóò lọ gbé páìpù fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Abúlé mìíràn ni wọ́n gbé omi lọ, níbi tí wọ́n ní obìnrin kan ti gbé ọmọ elékùsá síwájú wọn tó sì bú sẹ́kún. Nígbà tí ìròyìn yìí dé, Bàbá Táyéwò kò jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Hàbíbátù wọ yàrá, ó sunkún. Bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ló gbọ́ tí búta ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ìyá ti tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

Lọ́jọ́ kejì, Hàbíbátù bu omi odò sínú ìgò, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ó gbé e sórí tábìlì Adéríbigbé. Ọ̀gá náà wo ìgò, ó wo Hàbíbátù.

"Kí lèyí, ìyá wa? Àgbo ni?"

"Omi wa ni, sà. Agége la ti pọn èyí tí ẹ mu."

Ọkùnrin náà gbá orí mú. Ẹ̀rín ń pa á, àánú sì ń ṣe é. "Kí ló dé tí ẹ ò fún mi ní èyí lọ́jọ́ náà?"

"Àlejò wa ni yín. Ta ló ń gbé irú èyí fún àlejò?"

Ó ní kó jókòó. Ó ní owó ti ọdún náà ti lọ. "Ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́. Páìpù kì í lọ síbi tí kò ti ní í rí nǹkan ṣe. Ibi tí oníléeṣẹ́ bá wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Oníléeṣẹ́ náà kì í sì í lọ síbi tí kò sómi. Bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe ń tẹ̀lé ara wọn kiri Ìkẹjà."

"Èwo ló máa ń kọ́kọ́ dé, sà?"

Adéríbigbé yí ìgò náà lọ́wọ́. "Èyí tó bá kọ́kọ́ gbà láti jìyà."

Hàbíbátù gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníléeṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà ní Ìkòtún, Ṣàfíù lorúkọ rẹ̀, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Onílẹ̀ ti ní kó kó jáde, ó sì ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìgándò, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Oko obì Ìyá Sàlàkọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin gbogbo wọn nígbà tó wà ní ìyàwó. Ta ló máa la ẹnu sọ ọ́?

Ìyá fúnra rẹ̀ ló bi í. "Ìyàwó, ó ti ṣe díẹ̀ tí o ti ń yí mi ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Kí ló dé?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó rò ó látòkè délẹ̀. Ìyá wo ìta.

"Nítorí omi ni, àbí nítorí èmi?"

"Nítorí yín ni, Ìyá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn."

Ìyá Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo bí ọkọ rẹ, ìwọ lo wá ń ṣe bí ẹni tó bí mi. Lọ pe ará Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ wá."

Nígbà tí Ṣàfíù dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ò ní kó dìde.

"Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ nílẹ̀ níbẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ mi ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gbé omi wá bá ọ, ẹnu ọ̀nà ìta ni wàá ri ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, níbi tí gbogbo ìlú á ti máa pọn ọ́n. Bí o bá gbé e wọ inú ọgbà rẹ, màá wá sùn síbẹ̀."

"Ẹ ò ní í rí i bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Dìde. Ikùn rẹ ti tóbi jù fún ìdọ̀bálẹ̀."

Wọ́n gé obì náà. Ìyá dúró wò wọ́n títí, Hàbíbátù sì di apá rẹ̀ mú. Ṣàfíù jìyà lóòótọ́. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ń ra omi ọkọ̀ wá láti Agége, èrè rẹ̀ ń bá omi lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń kọ́lé nígbà owó epo, búlọ́ọ̀kù ń tà, ọkọ̀ ń wọ́ wá, àwọn tó ń ta oúnjẹ sì wá tẹ̀lé e. Adéríbigbé wá, ó rí ilé iṣẹ́, ó sì kọ̀wé. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́lẹ̀ láti Ìkòtún wá, wọ́n ri páìpù, ẹ̀rọ omi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Ṣàfíù, ní ìta.

Ìyá Sàlàkọ́ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ yí i. Ó yí i lágbára jù, omi tú sí i lára, ìlú hó yèè. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó pọ́n ọn lá.

"Kí wá nìyí? Kò lóórùn ewé, kò lóórùn ilẹ̀. Bí ẹni ń jẹ afẹ́fẹ́."

Síbẹ̀, kò lọ sódò mọ́. Ní ìdájí, á gbé búta rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, á bá àwọn ọmọ oníbúlọ́ọ̀kù jà pé ariwo wọn pọ̀, á sọ wọ́n lórúkọ: Eléruku, Onísìmẹ́ǹtì, Sùn-ún-síhìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí kò bá tíì dé, wọn kì í tan ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù. Hàbíbátù ò dẹtí lẹ́yìn ilé ìdáná mọ́.

Ìyá lo ọdún díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe odò ló pa á, kì í ṣe òkúta. Ọjọ́ Alàmísì kan ni, nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì. Orí ẹní rẹ̀ ló wà, orí rẹ̀ wà lórí itan Hàbíbátù, ó ń sọ fún un pé iyọ̀ ọbẹ̀ àná pọ̀ jù, pé ṣé òkun ni wọ́n bu sínú ìkòkò ni. Hàbíbátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Ìyá." Kò gbọ́ èsì. Ó rò pé oorun ni. Nígbà tí Sàlàkọ́ wọlé, ó bá Hàbíbátù níbẹ̀, kò tíì kúrò lójú kan, ó rọra ń fọwọ́ pa irun funfun náà. Ṣàfíù ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ oníbúlọ́ọ̀kù wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀, wọ́n ní àwọn ló máa gbé e. Àwọn náà ló sì gbé e, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.