Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nídìí Pèrègún

Gì! Gì! Gì! Gìgísẹ̀ bàbá wọn ló ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí pèrègún ní Èrúwà lọ́jọ́ tó pín ilẹ̀ fún wọn. Ó ti lé lógójì ọdún, etí Fọláránmi ò tíì gbàgbé ìró yẹn. Apá ọ̀tún pèrègún jẹ́ tirẹ̀, apá òsì jẹ́ ti Láyí àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó di igi náà mú, ó ní, “Láyí, mi ò ní kọjá ibí yìí láé.” Wọn ò kọ ọ́ síwèé. Ta ní ń bá ọmọ ìyá ẹ̀ kọ̀wé?

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí ọ̀rọ̀ tí Láyí fi ránṣẹ́ ti wà lórí fóònù rẹ̀ láìsí èsì: “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn bíríkìlà yín ti hú pèrègún. Ìpìlẹ̀ gárééjì yín ti wọ ọ̀dọ̀ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é?”

Òun ni.

Adéyẹmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń fi mọ́tò gbé e bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Lewisville, wọ́n ń padà sílé ní Duncanville, ní Amẹ́ríkà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti àwọn ará Yúróòpù jọ wà nínú ẹ̀, ó ń sọ bó ṣe ń fẹ̀ lọ sápá Rọ́ṣíà.

“Lọ́dún 1990,” Adéyẹmọ ní, “ṣebí Amẹ́ríkà fi àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba Rọ́ṣíà ayé ìgbà náà, lọ́kàn balẹ̀ pé NATO ò ní sún síwájú, kódà ínǹṣì kan? Wò ó lónìí!”

“Ìwé dà?” Fọláránmi bi í. “Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Jámánì nìkan ni wọ́n ń sọ nígbà yẹn. Sófíẹ́ẹ̀tì gan-an sì ti túká.”

“Bí ẹni tá a ṣèlérí fún bá ti pààrọ̀ ṣòkòtò, ìlérí ti kú nìyẹn?”

“Àwọn ará Póláǹdì ńkọ́? Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá kanlẹ̀kùn, ẹ̀rù aládùúgbò ló ń bà wọ́n. Ṣé ká lé wọn ni? Ta ló sì ní kí Rọ́ṣíà lọ ya wọ Yukiréènì?”

“Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń jó ilé onílé. Ogun yẹn ò ní àwáwí. Ohun tí mò ń bi ọ́ ò pọ̀, Fọlá: wọ́n sọ ọ́, àbí wọn ò sọ ọ́?”

“Kò sí níwèé!”

Adéyẹmọ bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́yà Duncanville! Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́.”

Fọláránmi yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ó tú bẹ́líìtì, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí, ó tún dè é padà.

“Ṣé ara ẹ yá ṣá?”

“Wa mọ́tò ẹ, jọ̀ọ́.”

“Kò sí níwèé” yẹn gan-an ló ti tẹ̀ fún Láyí lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ń pa á rẹ́. Láyí náà ò sì béèrè ìwé.

Kí wọ́n tó kúrò lórí títì márosẹ̀, ó ti yọ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sì pa nǹkan kan rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí:

“Láyí, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Kò sí níwèé, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Fi eléyìí han àwọn bíríkìlà, kí wọ́n wó ìpìlẹ̀ yẹn. Má bínú sí mi. Bá mi gbin pèrègún mìíràn síbi tí bàbá gbìn ín sí, kí o fi gìgísẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀ dáadáa.”