Ta Ló Ń Pa Ìlà Pẹ́ńsùlù Rẹ́?

Nígbà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kúrú, Pẹ́ńsùlù ní igi náà ni kò gbẹ tó. Nígbà tí èkejì kúrú, ó ní ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn, òun ló ń wọn igi. Nírọ̀lẹ́, yóò na téèpù, yóò fa ìlà síbi tó yẹ kí wọ́n gé, yóò sì fi pẹ́ńsùlù há etí padà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Ẹlẹ́rìn-ín tó ń lo ẹ̀rọ ayùn yóò gé igi lójú ìlà. Màdáàmù tó ni ilé iṣẹ́ kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ pé bí igi bá tún bàjẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ yóò máa lọ sílé.

Ilé wo? Lánlọ́ọ̀dù Pẹ́ńsùlù ti ní bí oṣù bá parí tí owó ilé kò pé, kí ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ síta. Àìlówó lọ́wọ́ ni baba ìjayà. Ọkùnrin náà ń wẹ̀, ó ń ṣírò. Ó ń jẹun, ó ń ṣírò. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun gbé omi kaná, ìkòkò òfìfo ló gbé lé e. Nígbà tí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó ní ọmọ ló da omi inú rẹ̀ nù. Ọmọ ọ̀hún sì wà nílé ìwé.

Ẹlẹ́rìn-ín ni ìfura rẹ̀ wá balẹ̀ sí. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń rí ẹ̀rín rín nínú ọ̀wọ́n báyìí, bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀? Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń dé kẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ti wá ń dé ṣáájú gbogbo ènìyàn. Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ kan, òun àti Ìyá Ọlọ́dà, obìnrin tó ń kun ilẹ̀kùn, panu mọ́ lójijì bí Pẹ́ńsùlù ṣe wọlé.

“Kí lẹ̀ ń sọ?”

“Òjò ni,” Ìyá Ọlọ́dà dáhùn. Oòrùn sì ń jó ilẹ̀ níta.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ìyàwó rẹ̀ kọ̀. “Ẹlẹ́rìn-ín tó sùn tì ẹ́ ní ọsibítù nígbà tí ara ẹ ò yá?”

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”

Ní gbogbo àsìkò yìí, ilẹ̀kùn kankan kò kúrú mọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Pẹ́ńsùlù ní olè tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun ló káwọ́ kò. Ó dìde láàárọ̀ kùtù, ó lọ lúgọ sẹ́yìn pákó tí wọ́n tò jọ. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó wẹ̀yìn wò, ó na téèpù sórí igi, ó fi itọ́ sí àtàǹpàkò, ó pa ìlà rẹ́, ó sì fa òmíràn. Inú Pẹ́ńsùlù dùn, ó sáré lọ pe Màdáàmù wá.

“Ṣé lóòótọ́ lo pa á rẹ́?” Màdáàmù bi Ẹlẹ́rìn-ín.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló dé?”

Ẹlẹ́rìn-ín wo Pẹ́ńsùlù. “Òun náà mọ̀ pé mi ò lè ba iṣẹ́ òun jẹ́.”

“Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, tó fata sẹ́nu,” ni Pẹ́ńsùlù fi dá a lóhùn. Màdáàmù ní kí Ẹlẹ́rìn-ín máa lọ sílé. Ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Màdáàmù pe ẹlòmíràn wá sídìí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni fèrèsé ilé ìwòsàn kan. Pẹ́ńsùlù wọ̀n ọ́n, ọkùnrin tuntun gé e, gbogbo igi náà ló kúrú, ní ìwọ̀n kan náà.

Màdáàmù kó àwọn igi náà jọ síwájú Pẹ́ńsùlù. “Ẹlẹ́rìn-ín ò sí níbí. Ta ló pa ìlà rẹ́ lónìí?”

Ọkàn Pẹ́ńsùlù sáré lọ sórí ẹrù rẹ̀ tí lánlọ́ọ̀dù yóò kó sójú títì. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn kiri. Ó wo ọkùnrin tuntun, ó mú ojú kúrò lára rẹ̀, ó wo Ìyá Ọlọ́dà.

Obìnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. “Ṣé èmi ló wá kàn?”

Ó yíjú sí Pẹ́ńsùlù.

“Ó ti pẹ́ tó o ti ń gbàgbé,” ni ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Orí igi tó máa ń wọ inú ihò igi kejì, o kì í fi kún ìwọ̀n mọ́. Téèpù lo dì mú, owó ilé ni ẹnu ẹ ń pè. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń tètè dé láti bá ẹ tún un fà. Ó ní kí n má sọ, pé tí Màdáàmù bá gbọ́, wọ́n á lé ẹ.”

Ojú ti Pẹ́ńsùlù, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Irọ́ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. “Èmi ni, mà.”

Màdáàmù ti àwọn igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Lọ bá a. Tó bá gbà láti bá ẹ ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì padà wá. Tí kò bá gbà, òun nìkan ni kó wá.”

Nígbà tí Pẹ́ńsùlù dé ilé rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín kò ṣílẹ̀kùn tán. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì ojú pópó. “Ta lẹ jọ wá?”

“Èmi nìkan ni. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni. Èmi ni mò ń gbàgbé, mo ti jẹ́wọ́ fún Màdáàmù. Wọ́n ní kó o padà wá.”

“Kí lẹ fẹ́ kà sí mi lọ́rùn báyìí?”

“Kò sí nǹkan kan. Mo búra.”

Ẹlẹ́rìn-ín wo ọwọ́ Pẹ́ńsùlù méjèèjì, bí ẹni tó ń wá ohun tó mú pa mọ́. Pẹ́ńsùlù mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ jáde kí ó lè rí i.

“Màá wá,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí nígbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n sọ fún Màdáàmù pé tí mo bá ti fẹ́ fọwọ́ kan igi ẹ, kí wọ́n wá dúró tì mí.”